Ẹ̀yìn Tó Kanlẹ̀ ní Sófíà

Sófíà, Bùlùgéríà
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹrin, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú oòrùn. Ṣé ọ̀dùnkún ti ń rú? Ṣé orúnkún ìyá mi ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ bá mi kí Bùrọ̀dá Barnabas dáadáa. Láti ọjọ́ tí ìbọn ti bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí yín tí ẹ ò gbọ́ tẹlifóònù mọ́, bí kì í bá ṣe ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó fi ń gbé lẹ́tà wa lọ gbé e bọ̀, mi ò mọ bí à bá ṣe máa gbúròó ara wa. Ẹ má fi kún owó ilé rẹ̀ lọ́dún yìí, owó polì tó ń san ti tó.

Bàbá, mo gba góòlù. Mo fẹ́ fi pamọ́ di ìparí lẹ́tà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò gbà. Mo gbé ọmọbìnrin ará Tọ́kì kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì borí láti ọdún méjì, wọ́n sì kọ orin orílẹ̀-èdè wa fún mi. Nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, ẹ̀yìnkùlé wa ni mo ń rò. Ẹ rántí ìgbà tí tíṣà eré ìdárayá ní kí n má bá àwọn ọmọkùnrin jà mọ́ nítorí ojú ń tì wọ́n? Ìyá mi ń ké pé ta ni yóò fẹ́ mi, ẹ ní ẹni tó bá lè gbé mi ṣubú. Wọn ò tíì rí ẹni náà o.

Habeeb, ọmọ Alhaji tó ń ta táyà lójú réluwéè, ń bọ̀ wálé láti Ìsítáńbùlù. Ó gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, mo sì fi mẹ́dàlì náà rán an sí yín. Ẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀, níbi tí àlejò á ti kọ́kọ́ rí i.

Ìbéèrè mi kan ló kù. Ìgbìmọ̀ ọdún ìjàkadì Ọ̀fà ti kọ̀wé sí mi pé kí n wá wọ agbo nínú oṣù Kejìlá. Obìnrin kankan láti agbo ilé wa ò tíì wọ̀ ọ́ rí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé oníjàkadì tí bàbá rẹ̀ ò bá di ìgbàdí fún lágbo ilé wa kì í wọ agbo: bàbá á mú etí aṣọ kan, àgbà mìíràn á mú èkejì, wọ́n á fà á kó le. Mo fẹ́ kí ẹ di tèmi. Kò sí ohun tí mo fẹ́ láyé yìí báyìí ju ìyẹn lọ, góòlù pàápàá ò tó o.

Ẹ fi ata gbígbẹ àti irú ránṣẹ́. Wọ́n ní wàrà níbí, ṣùgbọ́n olómi ni, ó sì kan.

Ọmọ yín,
Ọ̀ṣunrẹ̀mí


Ọ̀fà
Ogúnjọ́, oṣù Karùn-ún, 2024

Ọ̀ṣunrẹ̀mí Àyìnkẹ́, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ara wa le. Orúnkún ìyá rẹ wà bó ṣe wà, ẹnu rẹ̀ náà wà bó ṣe wà. Mo kí ọ pẹ̀lẹ́. Mo kí ọ kú ìrọ́jú.

Má bínú pé mo kọ́kọ́ dákẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ ni. Ọjọ́ ìjà yẹn, Barnabas gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì ní pálọ̀, gbogbo ilé jókòó yí i ká. Mo wẹ̀, mo wọ bùbá tuntun. Ẹ̀yin méjì bọ́ síta, ìwọ wọ búlúù. Ẹsẹ̀ rẹ ni mo fi dá ọ mọ̀, torí ẹsẹ̀ ìyá rẹ ni. Fèrè dún. Kí n tó gbé tíì dé ẹnu, ọmọ aláṣọ pupa yẹn ti bọ́ sábẹ́ apá rẹ, ó gbé ọ, ẹ̀yìn rẹ sì kanlẹ̀. Mo gbọ́ ọ, gbì. Pẹ̀lú etí mi yìí, mo gbọ́ ọ.

Mo dìde, mo mú àdá, mo gba oko lọ. Nígbà tí mo dé, ilé ń hó, wọ́n ní o gba góòlù. Mo ní góòlù ti báwo? Mo rò pé wọ́n ń tù mí nínú ni, títí Habeeb fi gbé nǹkan náà dé. Ó wúwo, ó sì ń dán. Mo ní kí Barnabas gbé e lọ sí yàrá rẹ̀. Ohun ọmọ ọlọ́mọ ni, mi ò fẹ́ kó sun ilé mi. Mi ò mọ ẹni tó ṣe ojúsàájú fún ọ níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé o tẹ́ wọn lọ́rùn. Bá mi dá a padà fún ọmọbìnrin yẹn.

O mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ní Ìjàgbò, kí n tó fẹ́ ìyá rẹ, Awówálé ará ibẹ̀ gbé mi ṣánlẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ṣé mo jiyàn? Mo gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára, mo gba ilé lọ, mi ò sì jà mọ́. Títí di òní mi ò tẹ ẹsẹ̀ sí Ìjàgbò, bẹ́ẹ̀ bí mo bá sín lẹ́yìnkùlé wa, wọ́n lè gbọ́ ọ níbẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ti ṣubú. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí mo sì ṣe rò pé mo kọ́ ọ nìyẹn.

Nítorí náà, mi ò lè di ìgbàdí fún ọ. Àwọn èèyàn ń wá kí mi kú oríire, mo ń sá fún wọn gba ẹ̀yìnkùlé. Kí n wá dúró láàárín Ọ̀fà, kí n máa fa aṣọ mọ́ ìdí ẹni tí mo fi ojú mi rí lórí ilẹ̀? Kò ṣeé ṣe, ọmọ mi.

Ìyá rẹ ti gún ata. Irú wà nínú ọ̀rá mẹ́ta kó má bàa lé àwọn èèyàn nínú ọkọ̀ òfurufú. Jẹun dáadáa. Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń fi ebi pa yín kí wọ́n tó wọ̀n yín bí àpò kòkó, mi ò fẹ́ràn ìyẹn náà.

Bàbá rẹ,
Ògúnwọlé


Sófíà
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà, 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn, mi ò sì ní fi pamọ́. Mo gba góòlù, bàbá mi kí mi kú ìrọ́jú. Mo ka lẹ́tà yín nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, kóòṣì wa sì bi mí bóyá ẹnìkan kú nílé ni.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni a fi ń ja ìjà yìí. Ẹ ò tíì wo ìṣẹ́jú kan tí ẹ fi mú àdá. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Níbí, bí wọ́n bá gbé èèyàn láti ìdúró, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀, máàkì mẹ́rin ni wọ́n ń fún ẹni tó gbé e. Ìjà ò tán. Bí èèyàn bá ti ẹnìkejì rẹ̀ títí ìyẹn fi tẹ ẹsẹ̀ kúrò nínú òbírí, máàkì kan nìyẹn. Ohun tó ń parí ìjà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni kí èjìká méjèèjì lẹ̀ mọ́lẹ̀ pọ̀, kí rẹfirí rí i, kó fi ọwọ́ lu ilẹ̀. Èjìká méjèèjì, Bàbá.

Nígbà tí ó gbé mi, èjìká òsì mi wà lókè. Ta ló kọ́ mi pé bí mo bá ń lọ sílẹ̀ kí n má fi èjìká òsì sílẹ̀? Ẹ̀yin ni, lẹ́yìnkùlé wa, lórí pàǹtí ewé ọ̀dùnkún. Èjìká yẹn ni mo fi yí. Mo dìde, mo gbá a lẹ́sẹ̀ méjèèjì mú, mo gbé e ṣubú, mo yí i, mo tún yí i, máàkì méjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà sí mẹ́rin. Kò sí ẹni tó ṣe ojúsàájú. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló gbé ọwọ́ mi sókè, a sì jọ jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí mo bá lọ dá mẹ́dàlì padà fún un, yóò rò pé mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Mo fi ọdún púpọ̀ wá góòlù yìí. Ó wá délé tán, ó lọ ń sun yàrá ayálégbé. Ó dùn mí o.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó dé òpin. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ yín fún. Lẹ́yìn náà ẹ lè mú àdá yín.

Ọ̀ṣunrẹ̀mí


Sófíà
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyá mi. Mi ò gbọ́ nǹkan kan láti oṣù Kẹfà. Mo kọ́kọ́ sọ fún ara mi pé polì ti gba ìsinmi, Bùrọ̀dá Barnabas sì ti lọ sí Ìkàrẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí fọ́tò òun àti ìyá mi lórí Wọ́ọ̀sáàpù, wọ́n ń jẹ àgbàdo lẹ́nu ọ̀nà wa, ẹnu wọn kún. Mo pe ìyá mi, ó ní ẹ wà dáadáa, ó ní kí n ní sùúrù, ó sì gbé ọ̀rọ̀ sórí owó tòmátì. Nítorí náà mo mọ̀ pé ẹ̀ ń bínú sí mi ni.

Èmi ò bínú mọ́. Mo gbìyànjú ẹ̀, kò pẹ́ lọ́kàn mi. Ibí yìí tutù, ó sì dára. A máa ń sáré gun òkè láàárọ̀, bí mo bá dé orí ẹ̀ màá rí gbogbo ìlú, inú mi a sì máa dùn láìnídìí. Etí mi ọ̀tún ti wú, ó ti le, bí ó ṣe máa ń rí fún oníjàkadì. Kóòṣì ní ó ti di ti àgbà. Èmi ní ó ti di ti bàbá mi, etí kan ló ń ṣiṣẹ́ fún àwa méjèèjì báyìí.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ọdún náà. Mi ò ní fi agídí wọ agbo, mi ò sì ní lọ wá bàbá ẹlòmíràn tí yóò di ìgbàdí fún mi. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, mi ò wá. Màá dúró di ìparí oṣù Kẹwàá kí n tó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n má retí mi.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ má bínú tí mo bá bi yín, torí gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń gbọ́ ìtàn náà, n kò sì béèrè rí. Ọjọ́ tí Awówálé gbé yín ní Ìjàgbò, ṣé èjìká yín méjèèjì ló kanlẹ̀?

Ọmọ yín náà ni,
Ọ̀ṣunrẹ̀mí


Ọ̀fà
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹsàn-án, 2024

Ọ̀ṣunrẹ̀mí, ọmọ mi àtàtà,

Èmi ìyá rẹ ni, Àṣàbí. Barnabas ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kó má ki gírámà bọ̀ ọ́.

Ṣé o rí gbogbo oṣù tí o ò fi gbọ́ wa yẹn, bàbá rẹ ló fà á. Nígbà tí lẹ́tà oṣù Kẹfà rẹ dé, Barnabas tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, bàbá rẹ kà á, ó ká a, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Ọjọ́ kẹta ó ní kí Barnabas wá fi ìjà náà han òun. Èmi ò sí nílé, mo lọ Ẹ̀rìn-Ilé. Barnabas ní ó jókòó bí ẹni tí wọ́n pè sí kọ́ọ̀tù. Nígbà tí o ṣubú, ó ní kó dá a dúró, ó súnmọ́ ọn, ó wò ó títí. Ó ní kó máa lọ. Ibi tí o ti yí, tí o dìde, bàbá rẹ fi ọwọ́ lu tábìlì, tíì tó wà níbẹ̀ sì dànù sínú kọ̀ǹpútà ọmọ ọlọ́mọ. Kọ̀ǹpútà náà kú pátápátá. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni alátùn-únṣe gbé e dé, ìgbà náà ni a rí lẹ́tà oṣù Kẹjọ rẹ pẹ̀lú. Ó ní kí n má sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù, ojú ń tì í. Barnabas ò bínú, ó ní òun náà ń pariwo nígbà náà ni.

O wá béèrè ọ̀rọ̀ èjìká. Ọ̀ṣunrẹ̀mí, kí lo fi ẹnu rẹ fà yìí? Ọjọ́ kejì tó kà á, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mo bá bàbá rẹ nílẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Mo figbe ta, mo rò pé ó ti tán. Ó ní kí n dákẹ́ jàre, kí n wo èyí tó kọ́kọ́ kanlẹ̀ nínú èjìká òun. Mo ní orúnkún ń dùn mí, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀. Ó dìde, ó tún ṣubú. Ó ní bí Awówálé ṣe mú òun nìyí, apá báyìí, ẹsẹ̀ báyìí. Àwọn ará ilé ń wò wá láti ojú fèrèsé.

Láàárọ̀ òní, ó fá irùngbọ̀n, ó pe ọlọ́kadà. Mo ní níbo, ó ní Ìjàgbò. Mo bí ọmọ mẹ́rin fún bàbá rẹ, mi ò gbọ́ kó sọ pé òun ń lọ Ìjàgbò rí. Mo ní kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ béèrè nǹkan.

Má kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ kankan o. Ní sùúrù fún un.

Èmi ìyá rẹ


Ọ̀fà
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹwàá, 2024

Ọ̀ṣunrẹ̀mí Àyìnkẹ́,

Mo kí ọ, ọmọ mi. Ìyá rẹ ti ròyìn mi fún ọ, mo mọ̀. Èyí tí kò mọ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Mo dé ilé Awówálé. Kò sí ẹni tó júwe ọ̀nà fún mi, ẹsẹ̀ mi rántí. Ó ti darúgbó jù mí lọ, inú mi sì dùn sí ìyẹn díẹ̀. Ó jókòó sí ìta, ó ń yin àgbàdo sínú igbá. Ó wò mí títí, ó ní, “Ògúnwọlé, o pẹ́ kí o tó dé.”

Mi ò jókòó. Mo ní, “Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo bá wá. Ọjọ́ tí o gbé mi yẹn, ṣé èjìká méjèèjì ló kanlẹ̀?”

Ó ní, “Ẹ̀yìn rẹ kanlẹ̀. Ti èjìká, mi ò wò ó. Mo yíjú sí àwọn tó ń hó fún mi. Nígbà tí mo máa padà na ọwọ́ sí ọ kí o dìde, o ti lọ.”

Ó ní òun dúró dè mí lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ó ní òun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ bá òun jà, òun ń wo ọ̀nà Ọ̀fà. Ọdún kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ó ní nígbà tó yá, ìjàkadì sú òun, torí gbogbo àwọn tó kù ò lágbára. Ó ní, “Ìwọ nìkan lo ń fún mi ní wàhálà, o wá gbé ara rẹ sá.”

Ó dùn mí, Àyìnkẹ́. Mo jókòó nígbà náà. Gbogbo ọdún tí mo fi gba ẹ̀yìn Ìjàgbò kọjá, mo rò pé ọkùnrin yìí ń fi mí rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni. Kò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí tó ń retí mi.

Mo wá là á yé e, bí o ṣe là á yé mi. Mo ní nínú òfin ìjàkadì ọmọ mi, máàkì mẹ́rin péré lo ní. Ó ní, “Ìjà náà ò tíì wá tán nìyẹn?” Mo ní kò tán. Ó gbé igbá àgbàdo sílẹ̀.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. A dì mọ́ra wa. Orúnkún rẹ̀ ń dún, tèmi náà ń dún. Mi ò lè gbé e, òun náà ò lè gbé mi, ṣùgbọ́n mo tì í, mo tì í, títí ó fi tẹ ẹsẹ̀ sínú gọ́tà. Máàkì kan. Ìyàwó rẹ̀ sáré jáde, ó rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló dé. Ó bá wa níbi tí a ti ń rẹ́rìn-ín, tí a di ògiri mú, tí a ò lè mí dáadáa mọ́. Mẹ́rin sí ẹyọ kan. A ti dá ọjọ́ tí a máa parí ẹ̀, lẹ́yìn ìkórè.

Nígbà tí mo délé, mo kan ilẹ̀kùn Barnabas, mo gba mẹ́dàlì mi. Ó ti fi aṣọ funfun wé e, ọmọ gidi ni. Mo kan ìṣó sí pálọ̀, mo gbé e kọ́. Lánàá àlejò kan wọlé, kó tó kí mi ni mo ti sọ fún un pé mẹ́fà sí mẹ́rin ni.

Mo fẹ́ kí ọ báyìí bó ṣe yẹ kí n ti kí ọ tẹ́lẹ̀. O kú oríire, ọmọ mi. O ṣubú, o ò sá lọ. Mo wo ibẹ̀ yẹn léraléra, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò sì jẹ́ kí Barnabas rí i.

Máa bọ̀ nílé nínú oṣù Kejìlá. Ìyá rẹ ti fọ ìgbàdí náà, ó wà lórí okùn. Èmi ni màá mú etí kan. Mo sọ fún Awówálé pé mo ń wá ẹni tí yóò mú etí kejì, ó sì ní òun ti múra tán.

Bàbá rẹ,
Ògúnwọlé